Adìyẹ Tó Ti Yé, Àbí Èyí Tó Ti Yè?

Ojúlé Kẹrin,
Ẹ̀yìn Ìsọ̀ Kafíńtà,
Òpópónà Ilé Omi.

Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ọjà Pàṣípààrọ̀ Ohun Ọ̀sìn,
Gbàgede Ọjà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ADÌYẸ MẸ́FÀ TÍ KÒ YÉ ÀTI PÁTÁKÓ TÍ KÒ NÍ ÀMÌ OHÙN

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. N kì í ṣe oníjà. Ìyàwó kafíńtà ni mí, oṣù kẹta rèé tí mo wọlé ọkọ. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo máa kọ sí ọ́fíìsì nìyí, bí mo bá ṣì í kọ, ẹ má bínú.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó parí oṣù tó kọjá, mo kó pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta wá sí ọjà yín. Ìyá ọkọ mi ló fi wọ́n ta mí lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó, àwọn náà ló ní kí n fi wọ́n gba adìyẹ, kí ẹyin má baà wọ́n nílé. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Sùúrù-Lérè gbé pátákó kọ́ ara àgò rẹ̀: ADIYE TO TI YE.

Ọkọ mi kò kàwé. Ó ní ogbe orí wọn kò pọ́n bíi ti adìyẹ tó ń yé, pé ká wo ibòmíràn. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́rin ni mo ní kó fọkàn balẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti yé, wọ́n ti mọ ọ̀nà ìtẹ́. Inú rẹ̀ dùn pé òun fẹ́ ọ̀mọ̀wé. A kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún rèé, n kò rí ẹyin kan. Mo tẹ́ koríko, mo lọ ìkarahun fún wọn, mo yí ìtẹ́ padà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń wò mí.

Mo padà lọ bá Sùúrù-Lérè. Kò tiẹ̀ dìde. Ó ní òun kò purọ́ fẹ́nikẹ́ni: àrùn pa igba adìyẹ òun, mẹ́fà yìí ló ṣẹ́ kù, ìdí nìyẹn tí òun fi kọ ọ́ pé wọ́n ti yè. Ó ní ta ló ní kí n ka yè sí yé? Ẹnì kan níbẹ̀ ní, ìyàwó, àdúrà ẹ̀mí gígùn ni wọ́n tà fún ọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀yin Ọ̀gá, tísà wa máa ń sọ pé ẹni tí kò fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀, ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ ni. N kò mọ̀ pé pẹ́pẹ́yẹ mi ló máa gba ibẹ̀ lọ.

Èyí tó dùn mí jù, n kò lè fẹnu sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Bí wọ́n bá wọlé, ìtẹ́ adìyẹ ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo ikùn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n ní, ṣé a-jẹ-má-yé ni gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà nílé yìí? Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì lọ bọ́jú.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ó dá pẹ́pẹ́yẹ mi padà kí ọjọ́ Àìkú tó pé, tàbí kí ó fún mi ní adìyẹ tí a fojú wa rí ẹyin rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé pátákó kankan kọ́ mọ́ láìfi àmì sí i. Bí kò bá sí ẹni tí yóò fi í sí i, mo máa wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. N kò tíì gbàgbé dò-re-mí.

Bí ó bá dá wọn padà, mo máa kó adìyẹ rẹ̀ wá, àfi ọ̀kan. Láti àná ni ogbe rẹ̀ ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, ó sì ń lọ jókòó sínú ìtẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Èmi àti òun la jọ ń retí.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín ní òtítọ́,

Ìyàwó Kafíńtà,
Ẹni tó ni pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta.