Abẹ́rẹ́ Tí Barthélemy Kọ́lápọ̀ Ìlọ̀rí Kò Fi Pamọ́ (1921–1972)

Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní ilẹ̀ Dahomey, ni wọ́n bí bàbá wa, Olóògbé Barthélemy Kọ́lápọ̀ Ìlọ̀rí, ní nǹkan bí ọdún 1921. Ìlọ̀rí, àgbẹ̀ pàtàkì ní Ofè, ló bí i; Àdùkẹ́, tí òrí rẹ̀ máa ń tà dé Parakou, ni ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun kò mọ ìdílé yìí, àlejò ni, a kí i káàbọ̀.

Ilé-ìwé àwọn fadá ló lọ, ọdún mẹ́rin péré. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rì í bọmi. Ní 1946, ó gbé Rosalie, ọmọ Okpara, níyàwó.

Ní 1950, ìjọba Faransé kó o lọ sí ogun Indochine, ní ilẹ̀ Éṣíà lọ́hùn-ún. Ìbọn bà á ní èjìká níbẹ̀, ọwọ́ kò gbé sókè mọ́. Bàbá arúgbó kan, ọmọ ilẹ̀ náà, fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn kankan nínú gún un títí ara fi yá. Bàbá wa kò jẹ́ kí arúgbó náà sinmi mọ́, àfi ìgbà tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Ó padà wálé ní 1954, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú èèyàn ní yàrá iwájú ilé.

Àwọn kan ní oṣó ni. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ló ń fà. Háà, ẹnu ayé! Ojú gbogbo èèyàn ló ti máa ń se abẹ́rẹ́ nínú omi híhó. Kì í gún obìnrin láìjẹ́ pé ẹni tirẹ̀ jókòó tì í. Ẹni tí ibà bá mú, ilé ìwòsàn ló máa ń ní kó lọ. Bí ẹ bá ní kó dáwọ́ dúró, á dáwọ́ dúró, kò ní bi yín ní ìdí.

A wá dé ibi tí àwọn àgbà méjì nínú ẹbí ní ká fò, pé ẹ̀gàn ni. A gbọ́, ṣùgbọ́n a kò gbà. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú.

Ní oṣù kẹta ọdún 1961, òmìnira Dahomey kò tíì pé ọdún kan, abẹ́rẹ́ kán sí Zénabou, àgbẹ̀ ará Kaboua, ní ìbàdí. Abẹ́rẹ́ náà ti gbó. Ó yẹ kí bàbá wa ti sọ ọ́ nù. Zénabou kò mọ̀, kò sì dùn ún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jókòó tì í kò rí i. Salifou, ọ̀rẹ́ bàbá wa tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tẹ bàbá wa lẹ́sẹ̀ pé kó dákẹ́. Bàbá wa ní, “Ìyá, ẹ má mira. Abẹ́rẹ́ mi ti kán sí yín lára. Ẹ̀bi mi ni.”

Òun fúnra rẹ̀ ló bá a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Parakou, níbi tí dókítà ti yọ ọ́. Nígbà tí àwọn aláṣẹ bèèrè ẹni tó ṣe é, ó ní òun ni. Wọ́n fòfin de iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún méjì. Ó gba oko Ofè lọ. Láàárín ọdún méjì náà, ẹ̀yìn ń dun ìyá wa débi pé kò lè bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ bàbá wa kò gún un. Ìyá wa bínú gan-an. Ó ṣì ń bínú títí dòní.

Ní 1963, ó tún ṣí yàrá náà. Zénabou ló kọ́kọ́ wá dùbúlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bàbá wa kì í fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni kó tó sọ fún un pé, “Abẹ́rẹ́ ti kán sí èèyàn lára lọ́wọ́ mi rí. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ máa lọ.” Ọ̀pọ̀ ló dìde, wọ́n gba ọ̀dọ̀ Salifou lọ, òun náà ti ń dá gún èèyàn nígbà náà. Ó dùn ún, a mọ̀ pé ó dùn ún. Síbẹ̀ kò yéé sọ ọ́. Òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní í fi orí gbọgbẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn máàsì, ó máa ń bẹ àwọn aláìsàn wò, ìbáà ṣe Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí.

Ó dákẹ́ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 1972, lẹ́yìn àìsàn oṣù mẹ́ta. Ó fi Rosalie aya rẹ̀ sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ: Clémentine, Àlàó àti Fọlákẹ́, àti ọmọ-ọmọ mẹ́rin.

Gbogbo ẹni tó gbé ara lé bàbá wa lọ́wọ́ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ àṣìṣe rẹ̀ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Ẹnu yẹn ti dákẹ́. Àwa ọmọ ni yóò máa sọ ọ́ báyìí.

Ẹ sùn re, Bàbá. Kò sí àṣírí kankan lẹ́yìn yín tí ẹnikẹ́ni lè tú.