Ohun Tí Mo Kọ Nípa Delight

Cinco Ranch,
Houston, Texas.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Bísọ́lá,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà yìí. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́, tí àwọn ọmọ sì wà ní àlàáfíà? Àwa náà wà dáadáa, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ẹ bi mí lórí fóònù pé ibo ni ọ̀rọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì Oyíndà ọmọ mi já sí, mo sì ń yí ọ̀rọ̀ dà. Òótọ́ rẹ̀ rèé.

Yunifásítì kan wà níbí tí gbogbo wa fẹ́ràn ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin wọn. Àwa olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ní gúrúùpù kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí a ti máa ń gbé àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde níléèwé girama yẹ̀ wò: èwo ló yẹ kí kóòṣì mú, èwo ni kò tíì tó. Lọ́dún yìí, àyè kan ṣoṣo ló kù. Àwọn méjì tí wọ́n ń dárúkọ jù ni Oyíndà wa àti Delight, ọmọ Fèyísọ́lá tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà.

Ojoojúmọ́ ni mo ń ka ohun tí wọ́n ń kọ. "Oyíndà yára, ṣùgbọ́n ó kúrú." "Delight ga, ọwọ́ rẹ̀ sì balẹ̀." Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní oṣù kẹjọ, mo wà nínú mọ́tò níwájú ilé iṣẹ́ wa ní àdúgbò Energy Corridor, inú bí mi, mo sì fi orúkọ tí kì í ṣe tèmi kọ ọ́ sí gúrúùpù náà pé: "Mo mọ Delight dáadáa. Ọ̀lẹ ni, kì í gbọ́ ti kóòṣì." Irọ́ ni, Àǹtí mi. Ọmọ náà kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Fèyísọ́lá di ọwọ́ mi mú lẹ́yìn ìsìn: "Mummy Oyíndà, ẹ bá mi gbàdúrà. Ẹnì kan ń ba ọmọ mi jẹ́, Delight ò sì fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù mọ́." Mo gbàdúrà. Mo ṣe àmín.

Oyíndà ni mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún, nítorí mo mọ̀ pé bí òtítọ́ bá jáde, ó lè ba àǹfààní tirẹ̀ náà jẹ́. Ó ní: "Mummy, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn. Tí wọn ò bá mú mi, it's okay."

A jọ lọ sílé Fèyísọ́lá. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Fèyísọ́lá ń nu omijé. Delight ló dáhùn: "Aunty, ẹ kọ ọ́ sí gúrúùpù náà. Pẹ̀lú orúkọ yín." Mo jókòó sórí àga wọn, mo kọ orúkọ mi, mo kọ ọ́ pé ìyá Oyíndà ni mí àti pé irọ́ ni mo pa. Èébú tí mo gbà kì í ṣe kékeré, ó sì tọ́ sí mi.

Àǹtí mi, Delight ni kóòṣì mú. Ọjọ́ méjì gbáko ni Oyíndà fi sunkún. N kò lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ mi ló fà á, ìyẹn sì ń dùn mí títí di òní. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, yunifásítì kékeré kan ní San Antonio pè é, wọ́n ní irú ọmọ tó yára bẹ́ẹ̀ ni àwọn ń wá. Ó ti gbà.

Lọ́jọ́ tí Delight fọwọ́ sí ìwé yunifásítì rẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí nínú gbọ̀ngàn iléèwé wọn. Fèyísọ́lá rí mi. Ó wá fà mí dìde: "Mummy Oyíndà, ẹ wá bá wa ya fọ́tò." Ì bá lé mi, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Àárín òun àti ọmọ rẹ̀ ló fi mí sí. Ẹ bá mi dúpẹ́, Àǹtí mi. Mo ní ọmọ tó sọ òtítọ́ fún mi, mo sì ní ọ̀rẹ́ tó dárí jì mí.

Olúwa yóò dá yín sí fún wa. Ẹ ó jèrè àwọn ọmọ yín, ẹ̀rín kò sì ní tán nílé yín.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
Mọ́pẹ́.

Àfikún: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sọ fún Màmá. Mo ń bọ̀ wálé lóṣù kejìlá, ẹnu mi ni mo fẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ ọ.