Bàámi, Ẹ Gbọ́ Ẹni Tí Mo Ń Sanwó Wò

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú ìfaradà ọ̀dá òjò tí mo gbọ́ pé ó ń bá iṣu fínra lọ́dọ̀ yín ní Òkèhò. Mo kúnlẹ̀ kí Màámi látibi tí mo wà. Mo kí Ìyá Àgbà. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé oògùn orúnkún tí mo fi ránṣẹ́, àwọn nìkan ni kí wọ́n máa lò ó, kí wọ́n má pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Mo kí Bàbá Káyọ̀dé, àbúrò yín, mo kí gbogbo ará ilé. Awoyaya, ní Èkó níbí, ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mo gbé ọ̀rọ̀ ilé wa sínú ìwé ìròyìn tí gbogbo ayé ń kà. Ẹ̀yin lẹ fà á, Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Láti ìgbà tí Lékè ti ọ̀dọ̀ mi dé, ẹ ò gbé fóònù mi mọ́. Bí mo bá pe Màámi, ṣe ni wọ́n máa ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni pé a jọ fẹ́ jalè, wọ́n á ní ẹ wà nítòsí, wọ́n á sì pa á. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìwé ìròyìn yìí kì í fò yín dá. Ẹ máa ń kà á sókè lábẹ́ igi káṣú fún Bàbá Olùkọ́ àti àwọn tó kù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka eléyìí sókè náà.

Lékè, ọmọ Bàbá Káyọ̀dé, wá sọ́dọ̀ mi nígbà tó ń wáṣẹ́. Mo fún un lóúnjẹ, mo fún un ní bẹ́ẹ̀dì mi, èmi sùn sórí ẹní. Ó rí i lórí fóònù mi pé mo sanwó ọdún kan gbáko láti máa wo gbogbo ìdíje ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan. Ohun tó gbé délé nìyẹn. Kò sọ oúnjẹ, kò sọ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní mo ti ya ọmọ ìta ní Èkó. Ó ní owó tó yẹ kí n fi tún òrùlé ṣe ni mo ń kó fún àwọn òyìnbó tó ń sáré kiri pápá, àti pé ó dá òun lójú pé ọkùnrin onítẹ́tẹ́ kan ló ń kọ́ mi. Ẹ̀yin sì gbà á gbọ́! Ẹ ní kí wọ́n sọ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ pè yín mọ́ títí n ó fi jáwọ́ nínú bọ́ọ̀lù.

Bàámi, òrùlé wo? Ẹ wo orí ilé wa láti ibi tẹ́ ẹ jókòó sí, páànù tuntun tí mo fowó rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ ó rí. Lékè fúnra rẹ̀ ńkọ́? Gbogbo Sátidé tó lò lọ́dọ̀ mi ló fi ń lọ wo bọ́ọ̀lù ní ilé ìwòran tó wà létí títì, ọwọ́ mi ló sì ti ń gba owó tó fi ń wọlé. Ta ló bi òun léèrè? Nítorí pé ọkùnrin ni? Inú ń bí mi, Bàámi. N ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ilé la ń kùn lọ́dà nínú ẹ̀sítéètì kan ní Lakowe. Láàárọ̀, èmi àti àwọn bíríkìlà àti àwọn onítáìlì la jọ máa ń há ara wa mọ́ inú kòròpé, ọkọ̀ kékeré yẹn, láti Awoyaya. Mò ń gun àkàbà, mò ń fi sáńpépà ha ògiri títí eruku funfun á fi bo ìpéǹpéjú mi. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà yìí, kì í dá bọ̀rọ̀, ọ̀dà ò ní gbẹ, ọ̀gá ò sì ní sanwó ọjọ́ tí ọ̀dà ò gbẹ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, gààrí tó ní yanrìn nínú la ó máa mu. Nínú ilé tí mo ń gbé, kálukú ló ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, mo lè má bá ẹ̀dá alààyè kan sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Owó tí mo rí nínú gbogbo wàhálà yìí, mo ń fi ránṣẹ́ sílé, mo ń jẹun nínú rẹ̀, mo sì ń fi díẹ̀ wo bọ́ọ̀lù. Ó yẹ kí ẹ ti bi mí pé bọ́ọ̀lù ta ni. Ẹ ò bi mí.

Bímpé ni mò ń wò.

Mo dárúkọ rẹ̀ o. Bímpé, ọmọ yín, àbúrò mi tí mo pọ̀n dàgbà. Mo mọ̀ pé ẹ ti ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ yẹn nínú ilé láti ọjọ́ tó ti kó bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ẹ ní ọmọ tó bá ń wọ ṣòkòtò péńpé sáré níwájú ọkùnrin kì í ṣe ọmọ yín. Ẹ yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri pálọ̀, ẹ fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì bo ojú ibẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kan wá mú un lọ sí ìlú òyìnbó, tí Màámi wá sọ fún yín, ẹ kàn ní kí wọ́n bá yín bu omi mímu wá ni.

Ẹgbẹ́ yẹn ni mò ń sanwó wò. N ò ní ẹgbẹ́ mìíràn. Kí Bímpé tó débẹ̀, n ò tilẹ̀ mọ ìdí tí réfárì fi ń fọn fèrè.

Ilé ìwòran tí Lékè ń lọ yẹn ni èmi náà kọ́kọ́ lọ. Mo bẹ ẹni tó ni ín pé kó bá mi gbé bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin sí ọ̀kan nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, pé n ó san ju iye tí àwọn yòókù ń san lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé ta ló fẹ́ jókòó máa wo obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí n lọ dáná fún ọkọ mi. Mo ní n ò tíì lọ́kọ. Ó ní kò ya òun lẹ́nu. Mo fẹsẹ̀ rìn délé lọ́jọ́ náà, omi ń dà lójú mi, Bàámi, ìbínú ló fà á.

Bímpé ló wá sọ fún mi pé ẹgbẹ́ náà fúnra wọn ń gbé gbogbo ìdíje wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé ẹni tó bá ti san owó ọdún lè máa wò ó lórí fóònù rẹ̀. Mo fẹ́ san án, báńkì ní káàdì mi ò lè sanwó sókè òkun. Mo tò, mo tò, wọ́n ní kí n padà wá. Nígbà tó sú mi, Àǹtí Bùnmi, ìyàwó ẹnjiníà kan tí a kun ilé rẹ̀, fi káàdì tirẹ̀ bá mi san án, mo sì kó owó rẹ̀ fún un. Ọjọ́ tí mo máa kọ́kọ́ wo bọ́ọ̀lù dé, mo wẹ̀, mo jókòó ti fóònù. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sójú rẹ̀ pé ìdíje yìí kò sí fún ibi tí mo wà. Wọ́n ti gbowó mi tán o! Mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n fèsì pé àwọn dúpẹ́ pé mo kọ̀wé. Mo tún kọ, wọ́n tún dúpẹ́. Mo wá bi wọ́n pé, ṣé Nàìjíríà tí wọ́n ti wá mú àbúrò mi lọ kọ́ nìyí? Ó sún mọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó máa sáré fún wọn, ó wá jìnnà jù nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ wò ó? N ò mọ ẹni tó ka ìyẹn níbẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣí i fún mi.

Kí ni mo wá rí lẹ́yìn gbogbo ìyẹn? Bímpé lórí bẹ́ǹṣì. Ìdíje kan á parí, òmíràn á bẹ̀rẹ̀, orí bẹ́ǹṣì náà ni, pẹ̀lú kóòtù gbọ̀ngbọ̀nràn tó bò ó dé ẹsẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni kámẹ́rà á kọjá lójú rẹ̀. Àwọn ará sáìtì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń sanwó wo ẹni tó jókòó. Mo ń wò ó bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ ni mò ń wá, kì í ṣe gólì.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i lọ́jọ́ kan pé ó dìde láti fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lómi, ó sì ń tiro. Wọ́n fi báńdéèjì di orúnkún rẹ̀. Ẹ wò ó, Bàámi, àná ọjọ́ yẹn gan-an ló bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù tó ní dáadáa lòun wà, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo pè é. Mo ní kí ló ṣe orúnkún ẹ. Ó ní kò sí nǹkan. Mo ní mo rí ẹ. Ó bú sẹ́kún bí ọmọ kékeré. Ó ní òun ṣubú níbi tí àwọn ti ń gbaradì, pé ó ti pẹ́ díẹ̀, àmọ́ òun ò fẹ́ kílé gbọ́, nítorí ẹ̀yin á ní ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òtútù ń mú un níbẹ̀, kò rí ẹni tó máa bá a sọ Yorùbá, orúnkún ń ro ó, ẹ̀yin ló sì ń bẹ̀rù! Láti ọjọ́ yẹn, ìdíje kan kò gbọ́dọ̀ kọjá kí n má wò ó. Ẹnu lè purọ́ fún mi lórí fóònù, ṣùgbọ́n bí mo bá rí bó ṣe ń rìn, n ó mọ̀ bóyá ara rẹ̀ le. Ohun tí mò ń fowó rà nìyẹn. Ṣé èyí ni ìwà ọmọ ìta?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ tó wọ pápá, lẹ́yìn tí orúnkún rẹ̀ ti san, fún yín, nítorí n kò rí yín bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sán Sátidé ni, a wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Ọ̀gá Sàlámì, ọ̀gá wa, mo gbé fóònù lé orí garawa ọ̀dà. Nígbà tí eré fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó yẹn fara pa, mo sì rí i tí Bímpé ń bọ́ kóòtù. Mo kígbe. Àwọn onítáìlì sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, àwọn lébìrà fi ṣọ́bìrì sílẹ̀, gbogbo wa dorí kodò sídìí garawa náà. Nẹ́tíwọ̀kì dá dúró, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè, ó tún padà. Bí àwọn ọ̀tá ṣe gbá bọ́ọ̀lù kọjá lára aṣọ́lé wa nìyẹn, tó ń yí lọ sínú àwọ̀n. Bímpé ti ẹ̀yìn sáré dé, ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ gbá a jáde lẹ́nu ilà! Ariwo sọ. Àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ló ń dì mọ́ mi. Bímpé dìde, koríko wà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wá kẹ̀yìn sí wa, gbogbo wa sì rí orúkọ tí wọ́n kọ sẹ́yìn jẹ́sì rẹ̀. Oyèwùmí ni. Orúkọ yín. Òyìnbó tó ń ṣàlàyé eré kò lè pè é dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń pè é, ó ń tún un pè.

Ọ̀gá Sàlámì bi mí pé ọmọ ta ni wá. Mo sọ orúkọ yín, mo sọ ìlú wa. Ó ní kí Ọlọ́run dá bàbá wa sí, pé inú irú bàbá bẹ́ẹ̀ á máa dùn. Mo ní àmín. Mo yára gun àkàbà mi padà, kó má baà tún bi mí ní nǹkan míì.

Wọ́n ti parí eré ti ọdún yìí, wọ́n sì ti fún Bímpé ní ìsinmi. Ó ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ mi ní Awoyaya ló máa kọ́kọ́ dé sí. Ó ti ra kóòtù kan fún yín nítorí ọyẹ́, ó bi mí pé ṣé ẹ ó wọ̀ ọ́, mo ní kó ṣáà gbé e bọ̀. Bàbá Káyọ̀dé ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ Màámi pé bó bá tilẹ̀ fẹ́ dé ilé, kó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ní ìrọ̀lẹ́, kí àwọn aládùúgbò má baà rí i. Rárá o. Kò jalè, kò pààyàn. Ọ̀sán gangan la máa dé, ẹnu ọ̀nà ńlá la sì máa gbà, èmi àti òun. Bí ẹ bá ní kó má wọlé, Bàámi, ẹ má ṣílẹ̀kùn fún èmi náà. N kò ní sùn nínú ilé tí àbúrò mi ò ti lè sùn. Mo sì ti san owó bọ́ọ̀lù ti ọdún tó ń bọ̀. N ò tọrọ gáfárà.

Ẹ bá mi kí Bàbá Olùkọ́ àti gbogbo àwọn tó ń gbọ́ yín lábẹ́ igi. Ẹ kí Lékè pàápàá, bẹ́ẹ̀dì mi ṣì wà bí ó bá tún fẹ́ wá. Kí Ọlọ́run fún ẹ̀yin àti Màámi ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà. Kí òjò rọ̀ sí oko yín, kí iṣu ta. Kí ojú gbogbo wa rí ara wa láyọ̀.

Àwa ni, àwọn ọmọ yín,

Fọlákẹ́ àti Bímpé.