Ta Ni Ń Yáná Nínú Ilé Òfìfo?

Roqeeb ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run fún ọ ní Birmingham níbẹ̀ yẹn, láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ, akọni tó fi ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu omi tó fẹ́ gbé ilé rẹ ní Peckham lọ, tí gbogbo àdúgbò sì tú síta tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ó dáa, kì í ṣe gbogbo àdúgbò. Ìyá Jọmílójú tí ilé rẹ̀ fara ti tìrẹ nìkan ni, kò sì pàtẹ́wọ́, ó ń pariwo pé kí n jáde kí àjà má baà wó lé mi lórí ni. Páìpù tí mo ní mo dí náà, ọwọ́ mi ò tó o. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ, kó ṣọ́ ìyàwó wa, iṣẹ́ tó gbé yín lọ sọ́hùn-ún ò ní gbé yín mì. Àmín.

Àbúrò mi Mìsítúrà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Walworth ní kí n kí ọ. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ẹnu ò dùn ún. Ó ra ẹja dídì ní ọjà East Street lánàá, ó ní ó fi díẹ̀ rọ̀ ju orí mi lọ.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Inú ló ń bí mi, Roqeeb, bí inú bá sì ti ń bí mi lórí fóònù, ìgbà yẹn náà ni nẹ́tíwọ̀kì rẹ máa ń bàjẹ́. Lẹ́tà ò ní nẹ́tíwọ̀kì. Jókòó kí o gba tìrẹ.

Ta ló kọ́ ọ pé kí ènìyàn máa dáná fún ilé òfìfo? Nígbà tí ẹ ń lọ, o kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, o ní kí n máa yà wo ilé, ṣùgbọ́n kí n má fọwọ́ kan bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń mú omi àti ilé gbóná, pé híítà á wà ní títàn títí òtútù yóò fi lọ. Mo ní fún ta ni? O ní fún ilé ni. Fún ilé! Òtútù ń mú ògiri! Àbí àwọn àlùjànnú lo gbà sílé láìsọ fún mi? Ní Ẹ̀jìgbò tí a bí ọ sí, ẹni tó bá lọ sóko láìpaná, ẹgba ló ń jẹ, torí iná tí kò ní olùṣọ́, òrùlé ló ń wò. Ìwọ fúnra rẹ jẹ ẹ́ nígbà kan, ìró ẹkún rẹ lé ewúrẹ́ ìyá rẹ wọgbó. Mo rò pé ẹ̀kọ́ náà wọ̀ ọ́ lórí. Ìdí nìkan ló wọ̀. Èmi tí mo lẹ́jẹ̀ lára, bí mo bá ní òtútù ń mú mi nílé yín, ẹ ó ní kí n wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Ilé tí kò wọ ìbọ̀sẹ̀ rí, ìyẹn lẹ wá ń dáná fún.

Mo wá lọ wo bọ́ílà náà. Ojú ni mo fi wò ó o. Níbi tí wọ́n ti ń yí i, mo rí àwòrán kan bí ìràwọ̀ tó hu irùngbọ̀n, orí rẹ̀ gan-an ni wọ́n sì yí i sí. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ sí Aishah ọmọ Mìsítúrà tí wọ́n bí síbí, ó ní Uncle, àmì yìnyín nìyẹn. Yìnyín! Nínú òtútù tí imú ènìyàn ń ṣomi, Roqeeb, o yí ẹ̀rọ ilé rẹ sí yìnyín! O wá ń sanwó kí wọ́n máa bá ọ ṣe òtútù nínú ilé, nígbà tí ọ̀fẹ́ wà níta. Bó bá jẹ́ ẹja dídì lo fẹ́ẹ́ máa tà, ṣebí ò bá sọ fún mi.

Lẹ́yìn èyí ni òtútù ńlá yẹn dé, tí ojú ọ̀nà funfun títí dé New Cross. Nígbà tí oòrùn padà yọ, Ìyá Jọmílójú pè wá pé omi ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ jáde bí ẹni tó ń rìnrìn-àjò. Páìpù òkè ti bẹ́, a bá àjà yàrá yín lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí n tó ròyìn tán fún ọ, o ti kọ ọ́ sínú WhatsApp mọ́ṣáláṣí pé Isaiah púlọ́ńbà, tó tún bọ́ílà náà ṣe kí ẹ tó lọ, ló pa á tó bá tirẹ̀ lọ. O ní oníjìbìtì ni, kí ẹnikẹ́ni má gbà á sílé mọ́.

Ọmọ náà wá bá mi ní Walworth. Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Peckham ni, Yorùbá ń ta kókó lẹ́nu rẹ̀. Dípò kó pè mí ní bàbá, bàbà ló ń pè mí, ó sọ mí di ọkà. Mo ní bí mo bá ti di ọkà, kó máa bá mi lé ẹyẹ. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn tó ti pe òun síṣẹ́ ń sọ pé kí òun má wá mọ́, ọ̀kan tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ òun lójú, bẹ́ẹ̀ ìyàwó òun wà nínú oyún. Ó ní èmi ni mo ń yà síbẹ̀, kí n jọ̀ọ́ sọ ohun tí mo bá níbẹ̀. Òun ló wá là mí lóye pé àmì yẹn kì í ṣe yìnyín. Ẹ̀rọ náà á máa sùn ni, bí omi inú páìpù bá fẹ́ẹ́ dì, á ta jí, á fún un ní ooru díẹ̀, torí omi tó bá dì a máa wú, a sì máa fa páìpù ya.

Ìwọ mọ èyí, o ò sọ fún mi! Kí n má fọwọ́ kàn án nìkan ni gbogbo ohun tí o rí sọ. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Àgbàlagbà, ìdí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ fún un. Inú rẹ̀ ló ń bí mi jù.

Fi owó ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ ra kóòtù, mo sì fẹ́ ra nǹkan lọ kí ìyàwó Isaiah. Má fi í ránṣẹ́ sí báǹkì kankan lórúkọ mi o, torí àwọn tí mo lọ bá ní kí n mú bíìlì iná wá kí wọ́n tó gbà pé mo ń gbé níbì kan. Èmi tí mo dúró níwájú wọn, àbí iná ló bí mi?

Kí Ọlọ́run fún ọ lọ́mọ tó jọ ọ́ tinú tẹ̀yìn, kí o lè mọ ohun tí ojú mi ń rí. Kó sì jẹ́ kí ọmọ náà sin ọ́. Àmín.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, èyí sì ni kí o kọ sínú WhatsApp náà bí mo ṣe kọ ọ́ yìí. Isaiah kò pa bọ́ílà. Bọ́ílà náà ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo débẹ̀. Inú ń bí mi, mo yí i kúrò lórí yìnyín, mo tún pa súìṣì ara ògiri kó má baà tún tàn, mo ti ilẹ̀kùn, mo wọ bọ́ọ̀sì padà sí Walworth. Èmi Tàjùdéèn, bàbá rẹ, ni mo pa á.