Ọjọ́ Tí Wọ́n Dárúkọ Lorcan Láti Orí Pẹpẹ

Cloonareask,
Ìpínlẹ̀ Leitrim,
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹta.

Lorcan, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ní London níbẹ̀, mo sì bẹ Ọlọ́run pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí ó bá eékún rẹ ọ̀tún náà nínú ìlera. Àwa náà wà láàyè níbí. Ikọ́ ìyá rẹ ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Èmi ni mi ò rí oorun sùn. Ohun àkọ́kọ́ tí kò jẹ́ kí n sùn ni eékún rẹ yẹn. Èkejì ni màlúù dúdú tó yẹ kó ti bí láti ọjọ́ Ẹtì, tó kàn ń wò mí bíi pé èmi ni mo dá a dúró. Páànù orí ahéré ẹ̀yìnkùlé tún wà níbẹ̀, atẹ́gùn ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà wà níbẹ̀, nítorí mo rí ipasẹ̀ rẹ̀ lẹ́bàá ilé adìẹ. Ìyá rẹ ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kọ́, ajá Jarlath Flynn ni, ṣùgbọ́n ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà? Èyí tó wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìbéèrè tí o bi mí lórí fóònù.

Mo lè fún ọ lésì lórí fóònù kan náà, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ìyá rẹ máa ń gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. O ní àwọn ará London ti pè ọ́ sínú ikọ̀ bọ́ọ̀lù wọn, bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa tọwọ́ tẹsẹ̀, ìwọ ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àti pé Leitrim gan-an ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá gbá a, ní pápá wọn ní Ruislip, lọ́jọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹrin. O ní o ò ní fèsì àfi tí mo bá sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń retí èsì rẹ kí oṣù yìí tó parí. "Bàbá, tí ẹ bá ní rárá, rárá náà ni. Mi ò fẹ́ kí ojú máa tì yín, kí ẹ máa gba ẹ̀yìn ilé kọjá nítorí mi." Ọ̀rọ̀ tí o sọ nìyẹn. Mo ní n óò rò ó. Láti ìgbà náà, òun ni mo ń rò.

Ìwọ náà mọ àwọn èèyàn wa. Arákùnrin bàbá Dympna Keaney gbá bọ́ọ̀lù ọdún kan péré fún ìjọ òdìkejì odò, kí wọ́n tó bí mi. Lọ́jọ́ tí a gbé òkú rẹ̀ kọjá níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Ará òdìkejì ti ń lọ o." Ìyẹn ni wọ́n ṣe fún ẹni tó ré odò kọjá. Ìwọ, òkun lo ré kọjá.

Ìyá rẹ ló ní kí n lọ bá Fadá Canice. Ó ní, "Phelim, tí o bá tún yí padà lẹ́ẹ̀kan sí i lórí bẹ́ẹ̀dì yìí, màá lọ sùn sọ́dọ̀ màlúù. Gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àdúrà." Mo lọ láàárọ̀ Sátidé. Mo ní kí Fadá bá mi fi ọ́ sínú àdúrà, pé ohun kan wà níwájú rẹ tí kò rọrùn. Fadá kò tọ pinpin. Ó kàn gbá mi léjìká jẹ́jẹ́, ó ní òun ti gbọ́.

Ní Mísà àná, tí ó ka orúkọ àwọn aláìsàn tán, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a tún rántí Lorcan Gilrane tó wà ní London, tó nílò àdúrà wa gan-an lásìkò yìí." Èmi ṣe àmín, ọkàn mi balẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ní ìjọ wa, bí wọ́n bá fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ dárúkọ èèyàn láti orí pẹpẹ, kí oníkálukú lọ máa yọ aṣọ ọ̀fọ̀ dúdú rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ìyá rẹ ì bá ti fi tó mi létí, ṣùgbọ́n ilé ló wà pẹ̀lú ikọ́ rẹ̀.

Bí a ṣe jáde, Jarlath Flynn, tí kò tíì bọ̀ mí lọ́wọ́ láti ọjọ́ tí a sin bàbá mi, dì mí lọ́wọ́ mú, kò sì tètè tú u sílẹ̀. "Phelim, a wà lẹ́yìn rẹ." Dympna béèrè ìyá rẹ. Mo ní kò lè wá, pé kò sùn dáadáa láti bí ọjọ́ mélòó kan. Omi bọ́ lójú Dympna. Mo wá rò ó nínú mi pé wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ London nìyẹn, wọ́n ń bá mi kẹ́dùn pé ọmọ mi fẹ́ kojú Leitrim. Ẹnu yà mí. Mo ní bóyá èèyàn wa sàn ju bí mo ṣe rò lọ.

Kí n tó bọ́ bàtà tán nílé, ọkọ̀ ti kún ẹnu ọ̀nà wa. Dympna ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, ó gbé páì ápù méjì dání. Ìyàwó Jarlath kó búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí láàárín wá, àwo mẹ́ta. Ẹnì kan gbé ìkòkò tíì ńlá ti gbọ̀ngàn ìjọ wọlé, Lorcan, ìkòkò yẹn kì í sì jáde àfi nítorí òkú. Mo ní ìyá rẹ ti kú lẹ́yìn mi nígbà tí mo wà ní Mísà. Mo sáré wọ yàrá. Ó ń hanrun.

Mo padà sí ilé ìdáná, gbogbo wọn ti jókòó, ife tíì ti dé ọwọ́ mi kí n tó lè béèrè ohunkóhun. Orí bọ́ọ̀lù ni wọ́n wà. Jarlath ló ń sọ̀rọ̀. "Ẹ má tan ara yín jẹ. Gbogbo ọdún tí mo ti ń tẹ̀ lé ikọ̀ ìpínlẹ̀ yìí, nínú òjò, nínú yìnyín, mi ò rí ẹsẹ̀ òsì bíi ti Lorcan."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Seánie Moran ńkọ́?"

Dympna dá a lóhùn: "Seánie tí ajá ìdíje ti gba orí rẹ̀? Ọjọ́ tí a fẹ́ gbá ìdíje àṣekágbá, òun àti ajá wà níbi ìje ajá ní Mullingar. Ajá yẹn ò tiẹ̀ gba ipò kankan."

"Enda McGirl náà wà," Jarlath ní. "Ó máa ń ká bọ́ọ̀lù lójú sánmà bí ẹni ń ká èso."

"Ó sì máa ń bì nínú bọ́ọ̀sì látibí dé Castlebar. Tó bá fi máa dé pápá, egungun àti jẹ́sì ló máa ń kù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín nílé òkú. Jarlath mi orí. Ó ní, "Ìyẹn ni mo ń sọ. Àwọn yẹn fọwọ́ ara wọn ṣe ara wọn. Ọmọ tiyín ò ṣe nǹkan kan. Àárín ló yẹ kó wà, wọ́n lé e lọ sí igun. Eékún yẹ̀, ilé iṣẹ́ fèrèsé tó ti ń ṣiṣẹ́ kógbá wọlé, ọmọ sì wọkọ̀ lọ. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó gbá bọ́ọ̀lù mẹ́fà kọjá lórí ọ̀pá àwọn Mayo, àmì ayò mẹ́fà. Ẹ̀yìn gọ́ọ̀lù yẹn ni mo dúró sí. Ìkẹfà wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé títì ló ti gbá a. Mo rí i tó ń bọ̀ lókè, mo ní, Olúwa, mo ti rí i. Mi ò sọ fún un. Ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún un."

Lorcan, ọdún mẹ́wàá ni Jarlath fi ń sọ ọ́ lójú mi pé o fi ẹ̀bùn rẹ ṣòfò. Ìwọ náà mọ̀ pé níbí, a kì í yin ẹni tó wà láàyè, kí orí rẹ̀ má baà wú. Mo di ife mú títí tíì inú rẹ̀ fi tutù. Mo fẹ́ kó máa sọ ọ́ lọ.

Ìgbà náà ni ìyá rẹ jáde pẹ̀lú súwẹ́tà mi lọ́rùn. Ó wo ìkòkò tíì, ó wo páì, ó ní, "Ta ló kú?"

Dympna dì mọ́ ọn. "Attracta, má dá ara rẹ lẹ́bi. Ọlọ́run nìkan ló mọ ìdí tó fi jẹ́ Lorcan."

"Lorcan wo? Lorcan tí mo bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, tó ń jẹ ẹyin lọ ní tirẹ̀?"

Ẹ̀rún páì wà létè Jarlath, kò nù ún. Ó ní, "Ṣé kò ṣàìsàn ni?" Ìyá rẹ ní o ò ṣàìsàn. Jarlath yíjú sí mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Phelim, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, òkú ni mo sọ ọ́ fún."

"Ẹyin lohùn," Dympna ní. "Tìrẹ ti balẹ̀."

Àsìkò yẹn ni Fadá Canice wọlé láti wá tù wá nínú. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó fa àga, ó bu páì. Ó ní, "Àdúrà lèmi gbà. Ẹ̀yin lẹ pa á."

Wọ́n wá béèrè pé kí ni àdúrà náà wà fún. Ìyá rẹ wò mí, kò ràn mí lọ́wọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, London, Ruislip, àti Leitrim. Jarlath gbé páì sílẹ̀.

Ó ní, "Ó sàn kó ṣàìsàn."

Ìyàwó rẹ̀ ta á ní ìgúnpá, ṣùgbọ́n ó ti gbéra. "Ọmọ tó kọ́ bọ́ọ̀lù lórí pápá tí mo ń fọwọ́ ara mi gé koríko rẹ̀? Kó wá wọ jẹ́sì ẹlòmíràn láti nà wá?"

Dympna ní, "Ta ló bọ́ tiwa lọ́rùn rẹ̀? Ọdún mẹ́wàá lo fi ń pariwo pé ẹ̀bùn rẹ̀ ṣòfò. Wọ́n wá fẹ́ lò ó wàyí, o ń bínú. Jarlath, o fẹ́ràn ọmọ tó ṣòfò ju ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ, torí èyí tó ṣòfò ló ń fún ẹnu rẹ níṣẹ́."

Jarlath mu tíì rẹ̀ tán, ó fi ìka kó ẹ̀rún orí tábìlì jọ. Lẹ́yìn náà ló bi mí, láì wò mí, pé, "Ibo ni wọ́n fẹ́ fi í sí?"

Mo ní o sọ pé nọ́ńbà mọ́kànlá ni, àárín iwájú.

"Ibẹ̀ ni," ó ní. "Ibẹ̀ náà ló yẹ kí tiwa fi í sí." Ó dìde, ó wá fìlà rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Sọ fún un, tó bá máa gbá a, kó gbá a tọkàntọkàn. Tó bá ṣàánú wa, mi ò ní dárí jì í. Màá sì bú u láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má rò pé nǹkan kan ti yí padà."

Ohun tí àwọn èèyàn wa máa sọ nìyẹn, ọmọ mi. O ò ní láti máa rò ó mọ́. Àwọn kan máa bú ọ, wọn ò kúkú ní purọ́, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ èébú náà. Ní tèmi, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ẹ̀rù eékún ń bà mí, ẹ̀rù pápá Ruislip ń bà mí, bóyá ó le, bóyá ó ń yọ̀, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ẹ̀rù mi dè ọ́ mọ́lẹ̀. Gbà á, Lorcan. Dá wọn lóhùn lọ́jọ́ tí o bá rí lẹ́tà yìí gbà, kí wọ́n má lọ pe ẹlòmíràn. Wọ jẹ́sì náà, kí o sì gbá bọ́ọ̀lù rẹ.

O lè fẹ́ mọ ẹ̀yìn ẹni tí n óò wà. Leitrim ni wọ́n bí mi sí, mi ò lè yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí bọ́ọ̀lù bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, kí ẹnikẹ́ni má bi mí ní ìpínlẹ̀ tí mo ti wá.

Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ aláṣọ funfun nínú ẹrẹ̀ máa ṣọ́ ọ. Kí eékún rẹ má yẹ̀, kí ojú rẹ má ṣe bàìbàì nígbà tí ọ̀pá gọ́ọ̀lù bá wà níwájú. Kí àwọn tí ẹ jọ wọ jẹ́sì fẹ́ràn rẹ bí ọmọ ìyá. Kí o dàgbà, kí o darúgbó, kí o ní ọmọ tí yóò fi irú àníyàn yìí san án fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ tí kì í sùn,
Phelim Gilrane.

Àfikún: Ìyá rẹ ka lẹ́tà yìí, ó ní mo kọ ojú ewé mélòó kan láì sọ pé mò ń bọ̀. Mo rò pé o ti mọ̀. Àwa mẹ́rin ni, ìyá rẹ, Dympna, Jarlath àti èmi. Jarlath fẹ́ kí a wọ bàlúù láti Knock, ṣùgbọ́n mo ti ní ká wọ ọkọ̀ ojú omi láti Dublin, ká sì gba ọkọ̀ ojú irin dé London, nítorí mo lè wẹ̀ díẹ̀, mi ò sì lè fò rárá. Mi ò ré òkun yẹn kọjá rí, nítorí náà wá pàdé wa níbi tí ọkọ̀ ojú irin bá dúró sí, má sì pẹ́. Bọ́ọ̀sì àárọ̀ la máa wọ̀ láti iwájú ṣọ́ọ̀bù Dympna, lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹrin.