Wọn Ò Tún Yín Wọ̀n

Ìyá wa, Sìdíkátù aránṣọ Ìkòtún, ọdún márùn-ún ló pé lónìí tí àwa ọmọ yín ti ń dá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní kí n gbà pé àmúwá Ọlọ́run ni ikú yín. Mo gba ti Ọlọ́run. Ti ọsibítù yẹn ni mi ò gbà.

Abdulmuiz, àbíkẹ́yìn yín, ti wọ yunifásítì. Ilé tí ẹ ń kọ́ sí Ìṣẹ̀rí-Olófin ti ní òrùlé, yàrá yín ló wà níwájú bí ẹ ṣe fẹ́.

Ẹ fi ọdún mẹ́rìnlélógún ránṣọ, ẹ ò gé aṣọ kan rí láìwọn ẹni tó ni ín. Bí oníbàárà àtijọ́ bá ní kí ẹ wo ìwọ̀n òun nínú ìwé, ẹ ó ní kó dìde dúró, ara kì í dúró sójú kan.

Nígbà tí jẹjẹrẹ ọyàn dé eegun yín, wọ́n ní kí ẹ máa wá gba ìtànṣán lára ẹ̀rọ tó ń pa jẹjẹrẹ. Obìnrin mẹ́rin lẹ jọ ń jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ọ̀kan sanra, ọ̀kan rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kókó ti Cecilia ará Ẹgbẹ́dá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni. Ìwọ̀n ìtànṣán kan náà ni wọ́n kọ fún gbogbo yín!

Wọ́n fi yíǹkì sàmì sí ibi tí wọ́n máa dojú ẹ̀rọ kọ láyà yín, wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ nù. Tí ẹ bá ń wẹ̀, ẹ máa ń fọwọ́ bò ó. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́fà, ẹ̀rọ bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méje, ẹ sì rù gan-an. Nígbà tó ṣiṣẹ́ padà, ẹ ní kí wọ́n tún yín wọ̀n. Nọ́ọ̀sì ní, “Màmá, ó ti wà nínú fáìlì jàre.”

Nínú fáìlì! Ó jó yín lára níbi tí kò yẹ, ìrora eegun ò sì lọ. Mi ò sọ pé ìwọ̀n tó tọ́ ì bá wò yín sàn. Ṣùgbọ́n ẹ ì bá rí oorun sùn.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rèé. Nígbà tí Iléyá ọdún yẹn ń bọ̀, mo rán búbá kan fún yín. Mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu, mo bá wo ìwọ̀n yín nínú ìwé, mo gé e. Ó yọ̀ wálẹ̀ léjìká yín. Èmi tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ níṣẹ́. Ẹ ò bínú. Ẹ ní, “Hamdalah, mú téèpù wá.” Ẹ dìde dúró pẹ̀lú ìrora yẹn, mo sì wọ̀n yín.

Mo dín in kù títí ó fi bá yín mu. Ẹ lọ láìdúró wọ̀ ọ́ ṣọdún.

Àárò yín ṣì ń sọ wá, Màámi, ìfẹ́ yín ò sì kúrò lọ́kàn wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan fẹ́ ra búbá náà. Mo ní kó má bínú, ìwọ̀n ìyá mi ni.