Ìdí Tí Mi Ò Fi Jẹ́ Kí Wọ́n Kọ Orúkọ Bàbá Rẹ Sára Òkúta

Warrabilla,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìbò.

Narelle ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé gogoro yẹn kì í pariwo lé ọ lórí? Èmi wà láàyè, a dúpẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń dùn mí, ti òsì náà sì ti ń kọ́ ọ lára rẹ̀. Ọlọ́run tó ń pa ọ́ mọ́ láti ìgbà tí o ti ń wọ bọ́ọ̀sì ilé ìwé ní kùtùkùtù kò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní Melbourne níbi tí wọ́n ní èèyàn kì í mọ orúkọ aládùúgbò rẹ̀. Yóò bò ọ́, yóò jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ dùn, kò sì ní jẹ́ kí ìbínú pẹ́ lọ́kàn rẹ, pàápàá èyí tí o ń bá èmi ìyá rẹ bí.

Mo mọ̀ pé o ṣì ń bínú. Nígbà tí a sin bàbá rẹ nínú ooru oṣù kìíní, tí o ní kí a gbé òkúta sórí sàréè rẹ̀ kí a kọ orúkọ rẹ̀ sí i, tí mo ní rárá, tí o bi mí bóyá ojú rẹ̀ ló ń tì mí, tí o wọ mọ́tò rẹ tí o lọ, láti ìgbà náà, tí o bá pè mí, oògùn mi nìkan lo máa ń béèrè. Ó dùn mí gan-an. Igi tí Ron Pascoe aládùúgbò wa rì mọ́lẹ̀ níbi orí bàbá rẹ náà ló ṣì wà níbẹ̀, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá gbé òdòdó wá fún èèyàn tirẹ̀ ló ń wò ó, wọ́n á tún wá máa wò mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lónìí mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, nítorí ìbò ti kọjá, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé ná. Òjò rọ̀ díẹ̀, Ron sì ti bá wa gbin àlìkámà sí pápá iwájú, kò gba nǹkan kan àfi kéèkì. Tess, ajá bàbá rẹ, ṣì máa ń lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ láràárọ̀ kí ó gbé e lọ sí oko. Tí mo bá ní kó sọ̀ kalẹ̀, á wò mí bíi pé èmi ni mi ò gbọ́n.

Fóònù tí o rà fún mi ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn olóṣèlú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi tán nígbà ìpolongo. Ọ̀kan pè mí bí mo ṣe ń jẹun, ó kí mi dáadáa, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò mí, kò dákẹ́. Mo ń sọ pé ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan, kò dá mi lóhùn, nígbà tó parí tiẹ̀ ó gé e mọ́ mi létí. Ẹni tí wọn ò kọ́ nílé! Òmíràn kọ̀wé sí mi lórí fóònù yẹn kan náà, ó pe orúkọ mi, ó ní Dulcie, òun mọ̀ pé nǹkan ò rọrùn fún mi lásìkò yìí. Narelle, mo sunkún. Mo fi ìka kan tẹ èsì padà fún un, gbogbo ọ̀sán ló gbà mí, mo ròyìn bí Clarrie bàbá rẹ ṣe ṣubú lẹ́nu géètì àgùntàn, bí mo ṣe bá a níbẹ̀, bí ilé ṣe dákẹ́ látìgbà náà, mo sì bẹ̀ ẹ́ níparí pé kó má sọ fún àwọn agbowó orí. Kò fèsì títí di òní. Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé ó ti lọ sọ.

Owó orí yìí gan-an lọ̀rọ̀. Ṣáájú ìbò, ọmọbìnrin tó ń bá mi gé irun fi ìròyìn kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀, pé tí Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ bá wọlé, wọ́n máa dá owó orí òkú padà, ẹni tó bá kú, ìjọba á wá gba tirẹ̀ nínú ilẹ̀ tó fi sílẹ̀. Ron ní irọ́ gbuu ni, ó ní kí n yé gba gbogbo ohun tí mo bá rí lójú fóònù gbọ́. Àwọn Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ fúnra wọn jáde lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn ò ní in lọ́kàn rárá. Ṣùgbọ́n o ò lè mọ̀, wọn ò tíì bí ọ. Nígbà tí bàbá mi kú, owó orí òkú wà. Kò pẹ́ tí a kọ orúkọ rẹ̀ sára òkúta ni mo rí ọkùnrin kan tó dé fìlà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ibi ìsìnkú, tó ń ka àwọn òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, ó dúró, ó kà á dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ta pápá ẹ̀bá odò láti san owó náà, pápá tó dára jù nínú ilẹ̀ wa, ìyá mi ò sì gba ibẹ̀ kọjá mọ́ títí tó fi kú. Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé òkúta ni wọ́n fi ń mọ̀. Ẹni tí kò bá ní òkúta, ìjọba ò lè mọ̀ pé ó ti kú. Ìdí rẹ̀ nìyẹn, ọmọ mi. Kì í ṣe ìtìjú. Ilẹ̀ tó kù yìí ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún ọ, ẹ̀yìn bàbá rẹ ló sì fi san án, níbi tó ti ń tẹ̀ ba rẹ́ irun àgùntàn olówó.

O mọ̀ pé ọmọ Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ paraku ni bàbá rẹ, èmi sì ń tẹ̀ lé Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ bíi ti bàbá mi. Látìgbà tí a ti fẹ́ra, a jọ máa ń lọ dìbò ní ilé ìwé ni, màá kọ nọ́ńbà kìíní síwájú ẹgbẹ́ mi lórí ìwé ìbò, màá fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní nọ́ńbà tó kẹ́yìn, òun náà á fún tèmi ní nọ́ńbà tó kẹ́yìn, oníwàhálà ọkùnrin, á wá ní ká lọ jẹ sọ́sééjì wa tí wọ́n máa ń dín níta fún àwọn tó dìbò, pé a ti fọ ìbò ara wa nù, ìjọba ò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ wa. Tí mo bá ní ká kúkú jókòó sílé nígbà náà, á ní kí n kọ́kọ́ jókòó ná, kí òun wò ó.

Ní Sátidé, mo wọ kóòtù rẹ̀ lọ. Trish ìyàwó Ron ló jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń wo orúkọ. Ó fa ìlà sí orúkọ mi, ó bi mí bóyá mo ti dìbò níbòmíràn lónìí, bí wọ́n ṣe máa ń bi gbogbo èèyàn. Lójú mi báyìí, orúkọ bàbá rẹ wà lórí tèmi gẹ́ẹ́, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Inú mi dùn pé ìjọba ò tíì mọ̀! Trish rí ibi tí mò ń wò, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní Màmá Dulcie, ẹ jẹ́ kí n ní kí wọ́n yọ bàbá kúrò, kí wọ́n má baà máa kọ̀wé wá sílé pé kí ló dé tí bàbá ò wá dìbò, nígbà tó jẹ́ dandan fún gbogbo èèyàn. Mo ní kó fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Mo ní Clarrie ń ṣọ́ àgùntàn lóko. Narelle, Trish yìí ló gé búrẹ́dì níbi ìsìnkú. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi gbọ́, gbogbo wọn ló sì sin bàbá rẹ. Trish ní ó dáa mà, ẹ bá mi kí wọn.

Mo wá dúró níwájú ìwé ìbò. Tí mo bá kọ tèmi, kò sẹ́ni tó máa fọ̀ ọ́ nù mọ́, ìbò mi á wúlò fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, owó orí òkú ò sì ní wá. Mo mọ ohun tó yẹ kí n kọ. Àmọ́ mo bi ara mi pé tí mo bá kọ tèmi, ta ló máa kọ tirẹ̀? Ni mo bá fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní nọ́ńbà kìíní, mo fún tèmi ní èyí tó kẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Mo rò ó pé ilẹ̀ rẹ ni mo fi ń tọrẹ yẹn.

Níta, Ron tó ń dín sọ́sééjì na méjì sí mi, ọ̀kan pẹ̀lú àlùbọ́sà, èkejì láìsí i, bó ṣe máa ń ṣe fún wa. Ìgbà tó na ọwọ́ tán ló rántí. Mo gba méjèèjì. Mo gbé èyí tó ní àlùbọ́sà délé, Tess sì jẹ ẹ́ kí n tó ti ilẹ̀kùn.

Ẹgbẹ́ bàbá rẹ ló wọlé. Ọ̀gá wọn sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn máa dín owó orí kù, kí owó díẹ̀ lè wà nínú àpò olúkúlùkù. Mo lọ wo àpò kóòtù bàbá rẹ. Okùn tí wọ́n fi ń so àgùntàn ló wà níbẹ̀ àti súìtì mínǹtì kan. Ó jọ pé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo jẹ mínǹtì náà, mo sì sunkún.

Lánàá, mo lọ sí ibi ìsìnkú lọ wò ó bóyá onífìlà ti dé. Kò sẹ́nì kankan. Ṣùgbọ́n òdòdó tuntun kan wà lórí sàréè kejì sí ti bàbá rẹ, ti ìdílé Treloar, mo ní ta ló rántí wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Káàdì tó wà lára rẹ̀ ń sọ pé ó di àárọ̀ o, Clarrie, láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ jọ rẹ́ irun àgùntàn lápá òkè odò. Ọ̀nà jíjìn ni bàbá yẹn ti wá, Narelle. Ó wá kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò rí i. Ó ní láti jẹ́ pé ó wá orúkọ kiri níbẹ̀ títí, nígbà tó sú u ó gbé òdòdó sílẹ̀ fún ẹni ẹlẹ́ni. Mo fi bàbá rẹ pa mọ́ fún ìjọba, àṣé àwọn èèyàn rẹ̀ ni mo fi í pa mọ́ fún, ìwọ gan-an sì wà lára wọn. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ títí ìdí mi fi tutù.

Ilé Trish ni mo gbà lọ. Mo ní kó bá mi sọ fún wọn kí wọ́n yọ ọ́, Clarrie ti kú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa fi ẹnu ara mi sọ ọ́ nìyẹn. Ó dì mọ́ mi, omi tíì wa sì tutù.

Torí náà, jọ̀ọ́ ọmọ mi, fi owó ránṣẹ́ fún òkúta. Má fi sí fóònù yìí o, torí ọ̀nà tí èèyàn ń gbà yọ ọ́ jáde níbẹ̀ ò yé mi, mú un wá fúnra rẹ. Tí ó bá ṣẹ́kù, fi díẹ̀ lé e nítorí owó orí òkú. Tí onífìlà bá dé, mo máa bẹ̀ ẹ́ kó dín in kù, màá sọ fún un pé ẹgbẹ́ wọn ni ọkọ mi dìbò fún. Tí kò bá sì gbà, kó mú pápá iwájú.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà bọ̀ wálé, kangarú ò ní sáré kọjá níwájú mọ́tò rẹ, o ò ní wá mi kù nígbà tí o bá dé. Ìwọ ni kí o bá agbẹ́kùúta sọ̀rọ̀, ìwọ lo mọ̀wé. Sọ fún un pé kó kọ orúkọ bàbá rẹ gàdàgbà, kí onífìlà lè kà á láti ojú títì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Dulcie.